Orúkọ Tí Tawakalit Pa Rẹ́

Tesleem kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ lónìí, yóò ní kí ẹ dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe sí ìyàwó òun.

Roodepoort, ní ilẹ̀ òkèèrè, ni òun àti Tawakalit ń gbé. Ìlọrin ni wọ́n ti jọ kàwé, ẹgbẹ́ ni wọ́n, kò sí pé ẹnìkan ń fi "ẹ̀yin" pe ẹnìkejì. Láràárọ̀ ni Tesleem ń wa ọkọ̀ lọ sí Midrand, níbi tí iléeṣẹ́ tó gbà á ti ń bójú tó kọ̀ǹpútà fún àwọn iléeṣẹ́ mìíràn. Tawakalit ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ilé, fún iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn aláìsàn yanjú ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì ìtọ́jú wọn.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì pàdé níbì kan. Kọ̀ǹpútà tí Tawakalit ń lò kò sí lórí tábìlì rẹ̀ ní ti gidi. Sikíríìnì àti kíbọ́ọ̀dù lásán ló wà níwájú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà gan-an kò ní ara; inú ẹ̀rọ ńlá kan ní Midrand ló wà, òun àti àìmọye irú rẹ̀, bí ayálégbé ṣe ń kún inú ilé gogoro kan ní àdúgbò Hillbrow. Fáṣúà maṣíìnì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè wọ́n. Tesleem sì wà lára àwọn tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ilé náà wà lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹ bá ti gbé sọ́fúwià sínú kọ̀ǹpútà rí, ẹ mọ̀ pé ó máa ń béèrè ìbéèrè. Ṣé o gbà? Ṣé kí n máa bá a lọ? Ta ló fẹ́ máa dáhùn ìyẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kọ̀ǹpútà? Ṣe ni Tesleem máa ń kọ àṣẹ tẹ̀ léra tẹ̀ léra, ohun tí wọ́n ń pè ní sikírípù, á wá fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ìparí rẹ̀, tó ń sọ fún sọ́fúwià pé kó wọlé wẹ́rẹ́, kó má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Láti orí àga rẹ̀ ni yóò ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́ kò ní mọ̀ pé àlejò ti wọlé.

Ní ọdún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, Tawakalit bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà kò ké.

Alhaji Mọ́ṣúdù, àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí wọn, ló bá Tesleem sin ín. Bàbá náà bi í bóyá wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ.

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, bàbá," ni Tesleem wí. Kò bi Tawakalit, tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọmọ di èèwọ̀ nínú ilé. Bí Tesleem bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jẹun, á wo fóònù, á sùn. Ó rò pé bí òun kò bá fọwọ́ kan egbò náà, á jinná fúnra rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó ṣàkíyèsí pé Tawakalit ń rẹ́rìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà. Bí Tesleem bá ti wọ yàrá, á yára pa ohun tó ń kọ dé.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Fasilat ni."

Fasilat ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun ní Hillbrow.

"Kí ni Fasilat wí tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín tó báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ni."

Ìdáhùn yẹn gún Tesleem bí ẹ̀gún. Ó dá a lójú pé ọkùnrin ló wà nídìí ẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn ni ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúndáre, gbé sọ́fúwià kan fún un pé kó dán an wò. Oníbàárà kan ló fẹ́ fi máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo bọ́tìnnì tí ènìyàn bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù ni sọ́fúwià náà ń kó pamọ́, títí kan ohun tí onítọ̀hún kọ tó tún pa rẹ́. Nígbà tó yá, oníbàárà náà yí ọkàn padà.

"Nù ún dànù," ni Ọ̀ṣúndáre wí. "Irú nǹkan báyìí kì í ṣe ohun téèyàn ń fi sílẹ̀ kiri."

"Ó dáa, sà."

Kò nù ún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn tó kù jáde lọ jẹun. Tesleem ṣí sikírípù rẹ̀. Orúkọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ní láti yí padà nínú rẹ̀. Ó tẹ ti Tawakalit síbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sí ìparí, èyí tí kì í jẹ́ kí wọ́n bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì, ó tún gbé e kúrò.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọkọ Tawakalit lòun. Ó ní kí ló burú nínú kí baálé mọ ohun tó ń lọ nínú ilé òun? Ó ní orúkọ ọkùnrin náà lásán lòun fẹ́ mọ̀, tí òun bá ti mọ̀ ọ́n, òun á yọ sọ́fúwià náà kúrò kíá.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí ìdáhùn dé: òdo. Nínú iṣẹ́ wọn, òdo ni ìdáhùn tó dára jù. Ó túmọ̀ sí pé kò sí ìṣòro kankan.

Kò sí ọkùnrin. Fasilat ni lóòótọ́. Àwọn méjèèjì ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn oníbàárà Fasilat, wọ́n ń rántí olùkọ́ kan ní Ìlọrin tó máa ń sùn nínú kíláàsì. Ojú ti Tesleem. Ó yẹ kó yọ ọ́ nígbà yẹn. Àmọ́ ó ti rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, ta ni yóò rí orúkọ ara rẹ̀ tí kò ní kà síwájú?

"Fasi, ṣe ló ń jẹun bí ẹni tó jókòó sí búkà," ni Tawakalit kọ. "Ó wù mí kó gbé mi jáde lọ́jọ́ kan, ká kàn jókòó létí omi, kó wo ojú mi. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?"

Nígbà tí ọjọ́ Sọ́ńdè dé, Tesleem ní, "Tawa, múra. Jẹ́ ká lọ sí Zoo Lake."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ká kàn jókòó ni."

Tawakalit wò ó títí, bí ẹni tó ń wo àlejò. Wọ́n lọ. Wọ́n jókòó létí omi, Tesleem fi fóònù sínú ọkọ̀, ó sì wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wà ní Midrand tó ń kà á. "Ọkọ mi gbé mi jáde o. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Àfi bí ẹni pé ó gbọ́ ohun tó wà nínú mi."

Inú Tesleem dùn dé ibi pé ó ra kọfí fún ẹni tó jókòó tì í.

Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Tawakalit kọ ọ́ pé wàrà ń wu òun, irú èyí tí wọ́n ń ṣe nílé. Tesleem rin Hillbrow já títí ó fi rí obìnrin kan tó ń ṣe é. Tawakalit kọ ọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun láti gbé fóònù ìyá ọkọ òun, torí pé ìbéèrè oyún ni ìyá náà fi ń kí òun. Tesleem pe ìyá rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bi í mọ́. Ohunkóhun tí Tawakalit bá ti kọ lọ́sàn-án, ó ti ń bọ̀ lọ́nà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ilé wá dùn. Tawakalit á fi orí lé èjìká rẹ̀, á ní, "Ìgbà wo lo di ẹni tó ń gbọ́ mi báyìí?"

Tesleem á rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé olè lòun ń jà, àmọ́ ó ń tan ara rẹ̀ pé olè tó ń kó nǹkan wọlé kò lè jọ èyí tó ń kó o jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀ṣúndáre dúró tì í.

"Tesleem, mo rí sọ́fúwià aṣọ́ni yẹn nínú kọ̀ǹpútà kan. Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Mo fi ń dán sikírípù kan wò ni, mo wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

"Yọ ọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ àìsàn àwọn èèyàn ló wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà yẹn. Bó bá bọ́ síta, gbogbo wa ló máa kàn."

Tesleem kò ronú kan ìyẹn rí. Gbogbo àìsàn tí Tawakalit ń kọ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ti ẹni tí jẹjẹrẹ mú, ti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, gbogbo rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ òun náà.

Ó yọ ọ́. Ọ̀ṣúndáre gbà á gbọ́, kò tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Àmọ́ nílé, Tesleem di afọ́jú. Bó bá rí i pé Tawakalit fajú ro, kò mọ ohun tó fà á, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìsọ̀rọ̀.

"Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?" Tawakalit bi í. "O tún ti ń jìnnà sí mi."

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

Ó tún gbé sọ́fúwià náà padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fún un ní orúkọ mìíràn kí Ọ̀ṣúndáre má baà dá a mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ìfura ló tì í. Ìgbà kejì yìí, kò rí àwáwí kankan dì mú. Ó sọ fún mi pé èyí gan-an ló máa ń ti òun lójú jù bí òun bá dá wà.

Inú ohun tó kó lẹ́ẹ̀kejì yìí ló ti rí i. Fasilat ti bi Tawakalit bóyá ara rẹ̀ yá. Tawakalit kọ èsì:

"Sakinat ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi. Tí Tesleem bá ti lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń pe orúkọ náà."

Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì ìparẹ́, léraléra, títí kò fi ku lẹ́tà kan. Ohun tó wá fi ránṣẹ́ sí Fasilat ni: "Mo wà dáadáa. Orí ló ń fọ́ mi díẹ̀."

Tesleem wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún. Ó sunkún ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bó ti ń nu ojú, ó ti mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó rò pé ẹ̀bùn tó ju wàrà lọ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni, òjò yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Tawakalit dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo yìnyín tó funfun lórí koríko. Tesleem lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ohùn tó rọ̀ jù lọ tó ní pè é.

"Tawa. Lọ́la, jẹ́ ká lọ kí Sakinat níbi tó sùn sí."

Tawakalit kò yíjú padà.

"Ta ni?"

"Sakinat. Ọmọ wa."

Ó wá yíjú. Tesleem ti ń retí ẹkún, ó ti la apá sílẹ̀. Àmọ́ ojú Tawakalit gbẹ.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

"Ìwọ náà lo sọ ọ́. Bóyá o ò rántí."

"Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Á jẹ́ pé ẹnu Fasilat ni mo ti gbọ́ ọ."

Ó sọ ọ́ kó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́. Tawakalit mú fóònù, ó pe Fasilat, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta.

"Fasi, ta ni Sakinat?"

"Sakinat wo?" ni Fasilat wí láàárín ariwo ẹ̀rọ ìgbẹrun. "Ṣé èyí tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa? Kí ló ṣe?"

"Kò sí. Màá pè ẹ́ padà."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Tesleem rí i bí ojú rẹ̀ ṣe rọra yí sí igun yàrá, níbi tí sikíríìnì iṣẹ́ rẹ̀ wà, tó sì padà wá sórí òun.

"Mo kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Mo pa á rẹ́. Mi ò fi ránṣẹ́." Ohùn rẹ̀ kò gbóná. "Tesleem, kí lo fi sínú kọ̀ǹpútà mi?"

Ó fẹ́ purọ́. Àmọ́ ó jókòó sílẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Tawakalit jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.

"Zoo Lake?"

"Mo kà á ni."

"Wàrà?"

"Mo kà á ni."

"Màmá tí wọn ò bi mí léèrè mọ́?"

Tesleem mi orí pé ìyẹn náà.

"Á jẹ́ pé kì í ṣe ìwọ," ni Tawakalit wí. "Èmi ni mò ń tọ́jú ara mi láti ọjọ́ yìí. Ìwọ kàn ń jẹ́ mi níṣẹ́ ni."

Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, ó lọ sọ́dọ̀ Fasilat ní Hillbrow. Ó ní kí Tesleem má gbé òun lọ, òun á wọ táksì.

Nígbà tí Alhaji Mọ́ṣúdù gbọ́, ó pe àwọn méjèèjì sí yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Àgbà méjì mìíràn wà níbẹ̀. Fasilat sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá.

"Kí ló dé, ọmọ mi?" ni Alhaji bi Tawakalit.

"Mo kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni, bàbá."

"Kí ni ọkọ rẹ ṣe?"

"Kò lù mí, bàbá. Kò lé mi jáde."

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rojú. "Ọkọ tó ń wá wàrà kiri Hillbrow nítorí ìyàwó ẹ̀? Àwọn obìnrin tiwa nílé ń fi Tesleem bá wa wí. Kí lo tún ń wá?"

Tawakalit tẹ orí ba. Ó hàn gbangba pé kò ní sọ ọ́. Yóò gba ẹ̀bi náà, yóò ru ú lọ sílé, kí orúkọ ọmọ rẹ̀ má baà di ohun tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ń gbé sẹ́nu.

Ohun tó burú jù nínú ìtàn yìí, gẹ́gẹ́ bí Tesleem ṣe sọ, ni pé inú òun kọ́kọ́ dùn. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin òun, bí wọ́n ṣe ń bá ìyàwó òun wí, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́ títí àgbà kejì fi sọ pé obìnrin aláìmoore ni Tawakalit. Ìgbà yẹn ni Fasilat wò ó.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bá a wí," ni Tesleem wí. "Èmi ni."

Ó sọ ohun tó ṣe fún wọn. Kò dárúkọ ọmọ. Ó ń retí kí Alhaji Mọ́ṣúdù bú òun, ìyẹn ì bá fúyẹ́. Àmọ́ bàbá náà kò wo ibi tó wà. Tawakalit ló kọjú sí.

"Ọmọ mi," ló wí, "má bínú sí wa. A kò mọ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Tesleem lọ bá Ọ̀ṣúndáre fúnra rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá ti fẹnu ara òun sọ ọ́, wọ́n á lé òun, á sì parí síbẹ̀. Wọ́n gba káàdì ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ Ọ̀ṣúndáre ní kó jókòó.

"A ní láti sọ fún iléeṣẹ́ ìyàwó rẹ," ló wí. "Wọ́n á sì rán àwọn tó ń ṣe ìwádìí wá, kí wọ́n lè mọ àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sọ́wọ́ rẹ."

"Mo gbà, sà."

"Wọ́n máa ka gbogbo ohun tí sọ́fúwià yẹn kó."

"Gbogbo ẹ̀, sà?"

"Wọn ò lè ṣà á. Gbogbo ẹ̀ ni."

"Èyí tó kọ tó sì pa rẹ́ ńkọ́, sà?"

Ọ̀ṣúndáre yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyẹn náà," ló wí.

Tesleem kò fẹ́ kí Tawakalit gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Láti Midrand, Hillbrow ló wa ọkọ̀ lọ tààrà. Ó bá Tawakalit nínú ṣọ́ọ̀bù Fasilat, níbi tó ti ń bá wọn di irun oníbàárà kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní èdè Yorùbá, torí oníbàárà náà kò gbọ́ ọ.

Ọwọ́ Tawakalit dúró nínú irun.

"Àwọn mélòó ló máa kà á?"

"Mi ò mọ̀."

"Àwọn tí mi ò mọ̀ rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yí orí oníbàárà náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ó ní, "Máa lọ, Tesleem. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, Tawakalit kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì padà sí Roodepoort. Ó ti rí iṣẹ́ mìíràn. Tesleem ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ ẹnìkan, kò sì tíì sí iléeṣẹ́ tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni lé e lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ fún ọkùnrin tó bá ń kà á pé ìbéèrè tó ń ba èèyàn lẹ́rù láti bi aya rẹ̀, kó bi í, kódà bí ìdáhùn náà kò bá tètè dé.

Mo lọ rí Tawakalit náà kí n tó kọ ìtàn yìí. Ó ní mo lè sọ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tòun àti ti ọkọ òun. Ohun kan ló kọ̀. Sakinat tí ẹ kà níbí kì í ṣe orúkọ ọmọ náà. Tawakalit ló ní kí n wá òmíràn fi sí i, nítorí àwọn tó ti ka ti tòótọ́ ti pọ̀ jù.